Orúkọ Tí Dọ̀tun Kọ Sínú Ìwé Kóòṣì

"Ẹ wò ó, Kóòṣì yìí máa pa wá!" Ràímì ju táyà tó ń lẹ̀ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Ọmọ márùn-ún lẹ́yìn! Márùn-ún! Kí ni wọ́n ń ṣọ́ níbẹ̀? Ṣé bánkì ni?"

Àwọn tó jókòó sábẹ́ ìbòòji ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ n'Íjẹ̀gùn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Ẹ̀rín ta ló fẹ́ dénú? Ìràwọ̀ Ìjẹ̀gùn, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wọn, ti gbá bọ́ọ̀lù márùn-ún tẹ̀ léra, wọn ò rí ọ̀kan ṣoṣo mú. Kọ́ọ̀pù tí àwọn àdúgbò Alimosho máa ń dù lọ́dọọdún ni. Àwọn àgbà àdúgbò sì ti sọ ọ́ síta: tí wọ́n bá tún lù wọ́n lọ́jọ́ Sátidé, kí Kóòṣì Ebenezer fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni.

"Èyí tó ń dun èmi ni ti Ayọ̀," Mùíz dá sí i. Kẹ̀kẹ́ ló ń wà, ó ti páàkì ẹ̀ síbẹ̀ láti àárọ̀, kò tiẹ̀ rántí mọ́ pé èrò ń bẹ lójú títì. "Ayọ̀ tó ń sáré bí aboyún! Òun ló ń gbá iwájú, Gbénga wá jókòó sórí bẹ́ńṣì. Gbénga tó ń jẹ gólì bí ẹní ń jẹ ẹ̀pà! Ṣé orí Kóòṣì pé báyìí?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni òun àti Ayọ̀ jọ ń lọ jàre," Ràímì dáhùn.

"Ẹ má fi ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣeré o!" Charity tó ń ta píọ̀ wọ́tà pariwo láti ìdí kúlà rẹ̀. "Èmi náà ń lọ síbẹ̀, mo sì ń sọ fún yín pé ọkùnrin yẹn ò mọ nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí bọ́ọ̀lù parí kó tó pààrọ̀ èèyàn. Mo gbàdúrà títí, Ọlọ́run gan-an ní kí n lọ bá Kóòṣì sọ ọ́."

Orí táyà kan ni Olúwadọ̀tun jókòó sí ní tiẹ̀, kò dá sí i. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, SS2 ló wà. Ká má parọ́, bọ́ọ̀lù ò sí lẹ́sẹ̀ ẹ̀ rárá. Àmọ́ tó bá kọ̀wé, ẹ máa rò pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí Kóòṣì fi mú un ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́. Káfíńtà ni Kóòṣì, ayùn ti gé orí ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀, ìwé kíkọ wá di ìyà fún un. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, á pe orúkọ àwọn mọ́kànlá tó máa gbá bọ́ọ̀lù, Dọ̀tun á kọ ọ́, á sì mú un fún rẹfirí lọ́jọ́ kejì. Torí pé sáìn gan-an máa ń pẹ́ lọ́wọ́ Kóòṣì, ó ti sáìn ìwé mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí orúkọ kankan nínú wọn, ó kó gbogbo ẹ̀ fún Dọ̀tun. Ṣé ẹ rí i bó ṣe fọkàn tán ọmọ náà tó?

Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Láti ìgbà tí bàbá Dọ̀tun ti kú, Kóòṣì yìí ló máa ń béèrè èsì ìdánwò ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sẹ́lòmíì tó ń béèrè.

"Ìwọ akọ̀wé yìí, o ò lẹ́nu ni?" Mùíz nawọ́ sí i. "Ìwọ lo sún mọ́ ọn. Bíró wà lọ́wọ́ ẹ. Orúkọ kan péré! Kọ Gbénga, yọ Ayọ̀. Ká wọlé, ká jáwé olúborí, kí Kóòṣì fúnra ẹ̀ wá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn."

"Ó dáa," Ràímì ní. "Tí wọ́n bá lé ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ Sátidé, kó o mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ ẹ láti gbà á sílẹ̀, o ò gbà á."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ Dọ̀tun lára. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ní kó ṣe Kóòṣì níbi ni, kò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kó gbà á sílẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó lọ bá Kóòṣì ní ṣẹ́ẹ̀dì tó ti ń gbẹ́ pákó. Kóòṣì pe orúkọ mọ́kànlá, Gbénga ò sí níbẹ̀.

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́ sà. Kí ló dé tí ẹ ò fi Gbénga sí i?"

Kóòṣì ò gbójú sókè. "Mo ní ìdí tí mo fi ṣe é. Kọ ohun tí mo pè, ọmọ mi."

"Àmọ́ sà, gbogbo èèyàn ń sọ pé…"

"Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Etí mi ò di. Kọ ọ́."

Dọ̀tun kọ ọ́. Kóòṣì tún sọ fún un pé iṣẹ́ ilẹ̀kùn kan máa gbé òun lọ sí Lẹ́kí lọ́jọ́ kejì, pé òun lè pẹ́ kí òun tó dé pápá, kí kápúténì bójú tó wọn dìgbà yẹn.

Sátidé láàárọ̀, Dọ̀tun mú ìwé mìíràn nínú àwọn tí Kóòṣì ti sáìn. Ó kọ orúkọ mẹ́wàá bí wọ́n ṣe pè é. Ayọ̀ ló yẹ kó jẹ́ orúkọ kọkànlá. Ó kọ Olúgbénga síbẹ̀. Ó fa ìwé tàná ya.

Ní pápá, nígbà tó pe Gbénga pé kó wọ jẹ́sì, Gbénga wò ó tìyanu-tìyanu. "Èmi? Ṣé Kóòṣì fúnra ẹ̀ ló ní kí n wọlé?"

"Òun ni."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ṣé mo máa parọ́ mọ́ Kóòṣì ni? Wọlé jọ̀ọ́!"

Gbénga mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ̀ ẹrù kalẹ̀ lórí ẹ̀. Ó wọlé.

Ha, ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà! Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi gbá àkọ́kọ́ wọlé. Kí wọ́n tó lọ sinmi, ó ti gbá ìkejì. Àwọn ará Ìgándò tí wọ́n ń bá figagbága káwọ́ lérí. Charity gbé ike omi lé orí, ó ń jó. Mùíz gbé Dọ̀tun sókè: "Akọ̀wé! Akọ̀wé wa!" Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé inú ọmọ náà dùn dé góńgó. Ó ti gba Kóòṣì sílẹ̀.

Abala kejì ti bẹ̀rẹ̀ kí Kóòṣì tó sọ̀ lórí ọ̀kadà, eruku pákó ṣì wà lórí ẹ̀. Ó gbọ́ ariwo, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rí Gbénga nínú pápá. Ẹ̀rín náà kú. Ó jókòó pẹ̀lẹ́ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún.

"Ojú ló ń tì í!" Ràímì pariwo. "Ọmọ tó pa tì ló ń gbà á!"

Dọ̀tun sún mọ́ ọn. "Kóòṣì, à ń nà wọ́n, sà. Méjì sódo."

"Ó ti tán," Kóòṣì sọ.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni lẹ́tà ìgbìmọ̀ kọ́ọ̀pù dé. Gbénga ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan ní àdúgbò Pleasure nínú kọ́ọ̀pù kan náà, àwọn ará Ìgándò sì dá a mọ̀. Òfin ò gba kí ẹnì kan gbá fún ẹgbẹ́ méjì. Wọ́n lé Ìràwọ̀ Ìjẹ̀gùn kúrò nínú ìdíje. Kóòṣì tó sáìn ìwé, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ kó ẹgbẹ́ kankan jáde fún ọdún méjì.

Dọ̀tun sáré lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì. Kóòṣì ń gbálẹ̀.

"Kóòṣì, èmi ni. Èmi ni mo kọ orúkọ ẹ̀."

"Mo mọ̀. Ta ló tún ń kọ̀wé dáadáa bẹ́ẹ̀ n'Íjẹ̀gùn?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa pé ó ti gbá fún ẹgbẹ́ mìíràn?"

"Torí bàbá ẹ̀. O mọ ọkùnrin yẹn. Tó bá gbọ́ pé ọmọ òun ń yọ́ gbá bọ́ọ̀lù káàkiri, á lé e jáde nílé. Mo ní kí n rọra fi í sórí bẹ́ńṣì títí kọ́ọ̀pù máa fi parí. Kí wọ́n máa bú mi, èébú ò pààyàn." Ó gbá eruku jọ. "Bàbá ẹ̀ ti gbọ́, ó ti lé e báyìí. Ó ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ l'Ẹ́gbẹ́dá láti àárọ̀."

"Màá lọ sọ fún ìgbìmọ̀, sà."

"Èmi ni mo sáìn ìwé òfìfo. Kí ni wọ́n fẹ́ fi tìẹ ṣe?"

Dọ̀tun ń sunkún, ó gba ṣọ́ọ̀bù Ràímì lọ. Wọ́n pé síbẹ̀, wọ́n ń bú Kóòṣì burúkú-burúkú, pé oníjìbìtì ni, pé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Kì í ṣe Kóòṣì!" Dọ̀tun kígbe. "Ayọ̀ ló pè, èmi ni mo kọ Gbénga! Ẹ̀gbọ́n Mùíz, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ọ́?"

Mùíz wo ìhín, ó wo ọ̀hún. "Èmi kẹ̀? Eré ni mò ń ṣe nígbà yẹn o. Ta ló máa ń ka irú ìyẹn sí òótọ́?"

"Kóòṣì ló rán an wá," Ràímì ní. "Ẹ ò rí ìkà, ó fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ bo ara ẹ̀. Dọ̀tun, lọ kàwé ẹ."

"Mo fi Ọlọ́run búra!"

"Má búra mọ́, ọmọ mi," Charity sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "A mọ̀ pé o fẹ́ràn ẹ̀."

Bó ṣe rí nìyẹn. Òótọ́ wà lẹ́nu ẹ̀, kò rẹ́ni gbà á. Kí oṣù yẹn tó parí, kò sẹ́ni tó gbé ilẹ̀kùn tàbí àga fún Kóòṣì kàn mọ́ n'Íjẹ̀gùn. Ó kó ẹrù ẹ̀, ó lọ. Dọ̀tun ò mọ ibi tó wà títí di báyìí.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń kàwé yìí, mi ò fẹ́ kó rú yín lójú. Kì í ṣe ìkà ló wà lọ́kàn Dọ̀tun, ìfẹ́ ni. Àmọ́ tí àgbà tó fọkàn tán yín bá ní òun ní ìdí tí òun fi ṣe nǹkan, ẹ má fi ọwọ́ ara yín yí i padà lẹ́yìn ẹ̀ nítorí ariwo ẹgbẹ́. Àwọn tó ń ti yín ò ní bá yín dúró lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́. Ẹ sì jẹ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀. Ká ní Dọ̀tun la ẹnu ẹ̀ kí rẹfirí tó fọn fèrè lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Ayọ̀ ni ì bá gbá bọ́ọ̀lù náà. Bóyá àwọn ará Ìgándò ì bá lù wọ́n. Kí wọ́n kúkú lù wọ́n.