Gìtá Tí Lámèyítọ́ Kò Gbọ́

"Ó ti dé! Ó ti dé o!"

Ọmọbìnrin náà fò sókè lórí àga débi pé ife omi iwájú rẹ̀ dojú dé. Ìyá rẹ̀, tó ń ránṣọ lọ́wọ́ ní iyàrá kejì, pariwo pé kí ló dé, ṣé iná ló ń jó ni? Kì í ṣe iná. Àwo orin tuntun Adákọrin ló wọ orí fóònù rẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin gbáko kí gbogbo ayé tó gbọ́ ọ.

Ẹni tí kò bá mọ Adákọrin, kó tẹ́tí. Obìnrin olórin rọ́ọ̀kì ni. Òun ló ń kọ orin ara rẹ̀, òun ló ń ta gìtá rẹ̀, kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti ń retí àwo yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí à ń sọ yìí náà kì í fi orin ṣeré. Lámèyítọ́ ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì, torí kò sí orin tí kì í tú palẹ̀ wò. Olóòtú ìwé ìròyìn ìlú ti gbọ́ òkìkí rẹ̀. Òun ló fi orin náà ránṣẹ́, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Mo fẹ́ àríwísí rẹ láago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la. Bó bá dára, abala orin di tìrẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀! Orúkọ òun nínú ìwé ìròyìn! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń rẹ́rìn-ín sí ògiri.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà. Íápíìsì rẹ̀ ti kú lápá òsì láti oṣù tó kọjá.

"Lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣebí ó ní ẹ̀rọ ńlá méjì tó fi ń gbọ́ orin."

"Ó jìnnà, Màámi. Ohun kan náà ṣáà ni etí méjèèjì ń gbọ́."

Ẹ gbọ́ àwáwí! Ó fi etí kan gbọ́ àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohùn dùn, ìlù le, ṣùgbọ́n kò gbọ́ gìtá rárá. Ó yà á lẹ́nu, ló bá pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù.

"Kò sí gìtá? Adákọrin?" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Jọ̀ọ́, bù ú dáadáa! Ta ló ń ka ọ̀rọ̀ ìyìn?"

Ó gbé bíírò. "Adákọrin ti gbàgbé gìtá rẹ̀ sílé," ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì fi olórin náà ṣe yẹ̀yẹ́ dé ìsàlẹ̀ ìwé.

Ìwé ìròyìn náà jáde lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kan náà tí àwo náà jáde. Kí oòrùn tó kàn-tàrí, gbogbo iléèwé ti kà á. Tíṣà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ ń tọ́ka sí i. Àwọn lámèyítọ́ àgbà náà kọ tiwọn, gbogbo wọn ló sì ń yin gìtá Adákọrin, wọ́n ní irú rẹ̀ kò tíì sí. Ìyẹn ì bá já a láyà, àmọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan gba orí rédíò, ó ní, "Àwọn àgbà ń tẹ̀lé ara wọn bí àgùntàn. Ọmọ yìí nìkan ló ní èrò tirẹ̀." Báyìí ni àṣìṣe di ìgboyà, tí orí ọmọ wú.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó mú ìwé ìròyìn náà lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kápẹ́ńtà, ní ṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe ń wọlé, ó gbọ́ ohùn Adákọrin láti inú ẹ̀rọ apá ọ̀tún. Láti inú ti apá òsì, gìtá dá a lóhùn. Gìtá! Ó ń sunkún, ó ń yọ̀, ó ń sáré tẹ̀lé ohùn náà bí ọmọdé tó ń sáré tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Ara ọmọbìnrin náà bù máṣọ. Inú rẹ̀ dùn, ojú sì tì í, lẹ́ẹ̀kan náà. Kò gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ṣé ìwọ lo ní kò sí gìtá níbẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè. "Kí wá ni mò ń gbọ́ yìí, ayùn mi ni?"

"Bọ̀ọ̀dá, etí kan ni mo fi gbọ́ ọ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni fóònù ọmọbìnrin náà ti dún. Olóòtú ni. "Gbogbo ìlú ló ń dárúkọ rẹ! Wá lọ́jọ́ Ajé, wá gba abala rẹ."

Nígbà tó ròyìn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyẹn ní kó má sọ nǹkan kan. "Èrò ẹni ni èrò ẹni. Ta ló máa mọ̀?"

Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, gìtá yẹn kò kúrò létí rẹ̀. Obìnrin kan fi ọdún mẹ́ta ṣe é, òun sì fi gbólóhùn kan pa á rẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ó dúró níwájú tábìlì Olóòtú, tòun ti aṣọ iléèwé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò gbọ́ àwo náà tán. Íápíìsì mi ti bàjẹ́ lápá kan. Mo mọ̀, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Olóòtú yọ jígí ojú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìwọ kò tilẹ̀ tíì dàgbà." Ó ti bébà sí i níwájú. "Mi ò lè fún ọ ní abala orin mọ́. Ṣùgbọ́n jókòó, kọ òtítọ́ náà. Ibi tí ti àkọ́kọ́ wà ló máa wà."

Omi bọ́ lójú ọmọ. Ó fi ìlà mẹ́ta jẹ́wọ́. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ gìtá, inú rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ó kọ ọ́ kúnnú ìwé méjì láìgbé ojú sókè.

Yẹ̀yẹ́ tó gbẹ̀yìn rẹ̀ kò kéré. Elétí-Kan ni orúkọ tuntun tó gbà ní kíláàsì. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn ló sì ń kọ abala orin, oṣù méjì gbáko.

Ọjọ́ kan ni Olóòtú ránṣẹ́ pè é, ó fi lẹ́tà kan lé e lọ́wọ́. Adákọrin ló kọ ọ́. Ó ní àwọn tó yin òun pọ̀, ṣùgbọ́n ìyìn ọmọ yìí ni òun gbà gbọ́ jù, nítorí ó pàdánù nǹkan kó tó lè sọ ọ́.

"Àwọn òǹkàwé náà sọ bẹ́ẹ̀," ni Olóòtú wí. "Bẹ̀rẹ̀ abala rẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá fẹ́ dá iṣẹ́ ẹlòmíràn lẹ́jọ́, kó gbọ́ ọ tán. Bó bá ṣì í gbọ́, kó yára sọ pé òun ṣì í gbọ́. Wọ́n yin ọmọ yìí lórí àṣìṣe, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí òtítọ́, wọ́n sì ti ibẹ̀ gbà á gbọ́.