“Any” Tí Oyèkànmí Kọ

Ẹ̀pà ni Oyèkànmí ń jẹ nígbà tí Uswat kọ́kọ́ rí i. Ó fẹ̀yìn ti ògiri ọ́fíìsì wọn ní Allen, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun báláú. Ẹwà yẹn gan-an ló tún dá kún ìbínú Uswat.

“Ṣé ìwọ ni Oyèkànmí tó kọ kóòdù kọ̀ǹpútà Python táwọn oníbàárà yín ń lò?”

“Èmi ni, àǹtí. Ẹ bá wa jẹ ẹ̀pà.”

“Ta ni àǹtí rẹ? Kóòdù yẹn la fi ń pín ọkọ̀ akẹ́rù nílé iṣẹ́ bisikíìtì wa ní Agége. Níbi tó yẹ kó ti fún wa ní nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ ló ń fún wa! Ọkọ̀ lọ sí Onígbòǹgbò lófìfo! O ò kọ ohun tí abala kóòdù kankan, ìyẹn fọ́ńṣọ̀n, ń gbà, o ò kọ ohun tó ń dá padà!”

Ọ̀gá Oyèkànmí ní káwọn méjèèjì jókòó tún un ṣe, kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fọ́ńṣọ̀n kọ̀ọ̀kan bóyá nọ́ńbà ló ń gbà tó sì ń dá padà àbí ọ̀rọ̀. Wọ́n ń jà, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Kí iṣẹ́ tó dé ìdajì, bí Oyèkànmí bá pẹ́, ojú Uswat á máa wọ̀nà. Ìyẹn náà ń bí i nínú.

Àfi bó ṣe rí i pé níbi tó bá ti le, “Any” ni ọ̀gbẹ́ni yìí ń kọ, pé ohunkóhun ni, kí kọ̀ǹpútà ṣáà má pariwo àṣìṣe.

“Ọ̀lẹ! O pa ọlọ́dẹ lẹ́nu mọ́ kí olè lè ráyè wọlé!”

“Olólùfẹ́ mi, rọra.”

“Ta ni olólùfẹ́ rẹ?” Ṣùgbọ́n kò sún àga rẹ̀ sẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra tí Uswat sì mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, Alhaji Suara, ní Ìfàkò-Ìjàyè, bàbá bi í pé, “Ẹ̀sìn wo lò ń ṣe?”

Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Oyèkànmí láti kékeré. Ẹ̀rù bà á. “Ohunkóhun tí ẹ bá ní kí n ṣe, Bàbá.”

“Máa lọ! Ẹni tí ohunkóhun bá tẹ́ lọ́rùn, ohunkóhun náà lọmọ mi máa jẹ́ lójú rẹ̀.”

Lẹ́nu géètì, ẹkún ìbínú ni Uswat sun. “Ìwọ àti Any rẹ! Bó ò bá lè sọ ohun tó o jẹ́, má padà síbí mọ́!”

Oyèkànmí padà sídìí iṣẹ́, ó pa gbogbo Any rẹ́, ó kọ òótọ́ sípò wọn. Lẹ́yìn náà ló padà lọ dọ̀bálẹ̀ ní Ìfàkò.

“Alhaji, ẹ má bínú. Onígbàgbọ́ ni mí, mi ò sì ní fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Mi ò ní ní kí Uswat fi ìrun sílẹ̀. Òun ni mo fẹ́ fẹ́.”

Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni Uswat ti ń gbọ́ wọn.

“Inú ń bí mi,” ni Alhaji wí. “Inú ń bí mi gan-an ni. Ṣùgbọ́n mo ti wá mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Dìde, lọ sọ fáwọn òbí rẹ kí wọ́n wá rí mi.”