Ilé Tẹ́tẹ́ Etí Òkun àti Yìgì Mọ̀nsúrát

Sìmẹ́ńtì funfun ló kún irun orí Akóredé lọ́jọ́ tí Mọ̀nsúrát kọ́kọ́ fojú kàn án. Gbogbo àwọn tó wá sí ìpàdé etí òkun ní Ajah lọ́jọ́ náà ló múra bí ẹni ń lọ sí Jímọ̀. Òun nìkan ló ti ibi iṣẹ́ wá tààrà, ó dúró lẹ́yìn pátápátá lábẹ́ kánópì, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ títí wọ́n fi dá a lóhùn. Ọwọ́ náà gùn, àpá wà lára rẹ̀, ó sì dúró jẹ́ẹ́. Mọ̀nsúrát tó ń sọ̀rọ̀ lórí pèpéle gbàgbé èyí tó kù tó fẹ́ sọ.

Iṣẹ́ ló gbé Mọ̀nsúrát débẹ̀. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé ni, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ilé iṣẹ́ kan ní Igbó Ẹfọ̀n ló gbà á. Àwọn olówó kan fẹ́ kọ́ ìlú ìgbafẹ́ ńlá sétí òkun: òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá ẹgbẹ̀ta, gbọ̀ngàn ìpàdé, ilé ìtajà, àti ilé tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń pè ní kàsínò láàárín gbogbo rẹ̀. Mọ̀nsúrát ni wọ́n ní kó kọ ìwé tí yóò sọ èrè tó wà níbẹ̀ fún ìjọba àti aráàlú. Ẹ má rò pé owó oṣù nìkan ló mú un kọ ọ́. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Ó ṣàlàyé fún wọn pé ọdọọdún ni àwọn olówó wa ń wọ bàlúù lọ náwó ní Dùbáì. Bí irú ibẹ̀ bá wà nílé, owó yẹn á jókòó, àlejò á sì gbé tiwọn wá kún un. Apẹja á rí ẹja tà fún òtẹ́ẹ̀lì, awakọ̀ á rí èrò gbé, ìjọba á rí owó orí tí wọ́n lè fi ṣe ọ̀nà àti ilé ìwòsàn. Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ni yóò ríṣẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tó dórí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin yìí gan-an ni ọwọ́ yẹn nà sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ni Akóredé wí. "Onítáìsì ni mí, ilẹ̀ ilé ni mò ń tẹ́. Bí mo bá ṣiṣẹ́ fún yín níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, èèyàn mélòó ni mo jẹ́ nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́rin yẹn?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mọ̀nsúrát ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní òun á yẹ̀ ẹ́ wò, ni ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá, bá yára gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì darí ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn lọ.

Nígbà tó padà sí ọ́fíìsì, ó ṣí ìṣirò rẹ̀, ó sì tún un ṣe. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ni àwọn tí yóò kọ́lé náà, ọdún mẹ́ta ni wọn yóò sì fi kọ́ ọ. Ó ti ka ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ̀ẹ̀mẹta lódindi. Àwọn tí iṣẹ́ yóò wà fún lẹ́yìn tí ilé bá parí ò ju ẹgbẹ̀rún kan àti ọ̀ọ́dúnrún lọ. Ojú tì í gan-an, nítorí kò sẹ́ni tó rán an ní irọ́ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣì í kà.

Ó bèèrè títí wọ́n fi júwe ibi tí Akóredé ti ń ṣiṣẹ́ ní Oniru fún un. Lórí ìkúnlẹ̀ ló bá a, tó ń fi òòlù onírọ́bà gbá táìsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó lè jókòó. Ó sọ fún un pé òtítọ́ ló wí, pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun kà á.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyá mi bí mi o, mà," ni Akóredé fèsì, tó sì ń nu ọwọ́ rẹ̀ sára sòkòtò.

Ìgbà yìí ni Mọ̀nsúrát rẹ́rìn-ín, ó sì rín in dáadáa. Ó bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Akóredé ní èèyàn mẹ́rìnlá ni òun kó wá láti Ìkìrun, òun ló sì ń kọ orúkọ ẹni tó bá wá síṣẹ́ lójoojúmọ́. Ó ní baálé ilé kan ti fi ṣe fọ́ńté rí pé àádọ́rùn-ún ènìyàn ló ṣiṣẹ́ ilé òun lọ́sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ àwọn mẹ́rìnlá yẹn àti òun náà ni, ọjọ́ mẹ́fà. Mọ̀nsúrát wo ojú rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀. Ó ti mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun á tún padà wá síbẹ̀.

Ó sì padà lóòótọ́. Ó mú zóbò tútù dání, wọ́n jókòó lórí páálí táìsì, wọ́n mu ún. Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ Akóredé bẹ̀rẹ̀ sí í tún ibẹ̀ ṣe kó tó dé. Akóredé ń pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n mi, òun náà ń pe Akóredé ní Èèyàn mẹ́ta. "Mà" ti kúrò lẹ́nu, "ẹ" ti di "o", kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tí ó di bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Akóredé sọ ti bàbá rẹ̀ fún un. Tíṣà ni bàbá náà ní Ìkìrun, ọmọlúàbí ènìyàn, ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ó ta ọ̀kadà, ó ta rédíò, níkẹyìn ó ṣí páànù orí ilé, ó tà á, òjò sì ń rọ̀ sórí ìyàwó àti ọmọ nínú yàrá. Ìtìjú ló pa á, kì í ṣe àìsàn. Akóredé ò gbójú sókè títí ó fi sọ ọ́ tán.

"Mo fẹ́ iṣẹ́ etí òkun yẹn fún àwọn èèyàn mi, Mọ̀nsúrát," ni ó wí. "Ẹ̀rù ilé náà sì ń bà mí. Tó o bá ń kọ̀wé, méjèèjì ni kó o kọ."

Ó kọ méjèèjì. Ó tún iye àwọn òṣìṣẹ́ ṣe, ó sì fi ojú ìwé kan kún un pé kí aráàlú tó bá fẹ́ ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀ sanwó gọbọi kó tó wọlé, kí wọ́n má yá ẹnikẹ́ni lówó ta á, kí apá kan owó orí ibẹ̀ sì máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ìdílé tí tẹ́tẹ́ bá bà jẹ́. Ó kọ ọ́ pé èrè wà, ṣùgbọ́n kò tó bí wọ́n ṣe pariwo rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Lọ́jọ́ kẹta ó fọwọ́ sí i, nítorí ó mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ yá ilé iṣẹ́ náà lówó á ṣe ìṣirò tiwọn. Ìjọba gbà á pẹ̀lú ojú ìwé yẹn, wọ́n sì gbẹ́ ìpìlẹ̀ lẹ́yìn òjò.

Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, Akóredé mú un rìn létí òkun lẹ́yìn ìrun àsárì, ó ní kó fẹ́ òun. Mọ̀nsúrát ti dáhùn kó tó sọ ọ́ tán. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ dé ilé láì mọ̀.

Àlájì Ọláníyan ni bàbá Mọ̀nsúrát, ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun náà ni akọ̀wé mọ́sálásí àdúgbò wọn. Ó kọ́kọ́ ráhùn díẹ̀ pé ọmọ tí òun rán lọ yunifásítì ń fẹ́ onítáìsì. Ṣùgbọ́n ìwà Akóredé tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò kí i lórí ìdúró rí, kì í sì í fi ìrun ṣeré. Wọ́n mú ọjọ́ yìgì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló kù nígbà tí Akóredé fi tayọ̀tayọ̀ sọ fún un pé òun ti gba iṣẹ́ táìsì ìlú ìgbafẹ́ náà. Àlájì bi í pé apá ibo níbẹ̀. Akóredé ò mọ irọ́ pa, ó ní gbogbo ẹ̀ ni, títí kan ilé tẹ́tẹ́.

Ojú Àlájì yí padà. Ó ní sàdáàkì, owó tí ọkọ ń san fún ìyàwó, tó bá ti inú ilé tẹ́tẹ́ jáde ò ní wọ ilé òun, òun ò sì ní ṣe wálíì fún irú yìgì bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn láàárín àwa Mùsùlùmí. Wálíì ló ń fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́. Tí bàbá bá wà láyé, tó sì kọ̀, àbúrò bàbá lè fẹ́ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ayé á mọ̀ pé ẹ̀yìn bàbá ni wọ́n ti fa ọmọ náà jáde. Mọ̀nsúrát ti sọ fún Akóredé tipẹ́ pé láyé òun, òun ò ní gba ẹ̀yìn bàbá òun lọ ilé ọkọ. Ó fẹ́ràn àwọn méjèèjì, ó sì rí i pé ọ̀kan fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun.

Akóredé ní kí òun dá iṣẹ́ náà padà. Mọ̀nsúrát bi í pé ta ni yóò bọ́ ìdílé mẹ́rìnlá tó gbójú lé e. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá tí wọn ò rẹ́rìn-ín pọ̀, zóbò sì gbóná lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó ń jẹ Mọ̀nsúrát lọ́kàn ju ìyẹn lọ. Láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun tó sọ fún bàbá rẹ̀ ni pé òun ń kọ̀wé fún àwọn tó fẹ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Kò fẹnu kan tẹ́tẹ́ rí. Ó mọ ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́, ó sì ti fi í pamọ́ títí ó fi pẹ́ jù láti sọ.

Ní ọ̀sán Àlàmísì kan, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń ka Àlùkùráánì.

"Bàbá, ta ló sanwó iṣẹ́ abẹ ojú yín?"

"Ìwọ ni, ọmọ mi. Ọlọ́run á san án fún ọ."

"Níbo ni mo ti rí i?"

Àlájì gbé ojú kúrò lára ìwé, ó wò ó. Mọ̀nsúrát ní, "Èmi ni mo kọ ìwé tí ìjọba fi fọwọ́ sí ilé tẹ́tẹ́ yẹn. Mo fi í pamọ́ fún yín. Tí owó Akóredé bá jẹ́ haráámù, tèmi ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, Bàbá. Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ ẹ́ níyà."

Ó wá sọ ìyókù fún un: bó ṣe ka Akóredé lẹ́ẹ̀mẹta, ojú ìwé tí òun fi kún un, àti páànù orí ilé ní Ìkìrun. Bàbá rẹ̀ pa Àlùkùráánì dé, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì ń sunkún láìgbóhùn. Mọ̀nsúrát ò rí i kó sunkún láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú. Bàbá ní kó fi òun sílẹ̀ ná.

Ẹnu Akóredé ni Mọ̀nsúrát ti gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Ní Ọjọ́ Ẹtì kejì, Àlájì gun kẹ̀kẹ́ márúwá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn tó ń ru bíríkì, tó ń tẹ irin, àwọn obìnrin tó ń gbé oúnjẹ wọlé. Ó ní kí Akóredé fi ibi tó ń ṣe han òun. Akóredé mú un yí àwọn yàrá òtẹ́ẹ̀lì ká, ó mú un dé ilé ìdáná. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé tẹ́tẹ́, àwọn onítáìsì mìíràn ni Àlájì bá níbẹ̀.

Akóredé ti dá apá ibẹ̀ padà fún ẹnjiníà, iṣẹ́ oṣù méjì tó lówó jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó ti kó àwọn mẹ́rìnlá jọ, ó ti bẹ̀ wọ́n, méjì nínú wọn sì bínú kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

"Kì í ṣe nítorí yín, sà," ni ó sọ fún Àlájì. "Nítorí bàbá mi ni. Mi ò lè fi ọwọ́ mi tẹ́ ilẹ̀ tí irú wọn máa dúró lé."

Àlájì na ọwọ́ sí i. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì lọ.

Ọjọ́ yìgì pé láìsí pé Àlájì ti bá ẹnikẹ́ni sọ ohun tó máa ṣe. Mọ́sálásí kún. Sàdáàkì tí Akóredé mú wá, owó iṣẹ́ Oniru ni. Bàbá Adébáyọ̀, àbúrò Àlájì, ti múra láti dúró, ṣùgbọ́n Mọ̀nsúrát ti sọ fún un pé tí kì í bá ṣe bàbá òun, òun á dìde, òun á sì lọ sílé.

Àáfà bèèrè pé ta ni wálíì ọmọ. Àlájì Ọláníyan dìde ní ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tó jókòó sí, ó ní òun ni. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ díẹ̀.

"Mi ò fẹ́ràn ilé tí wọ́n ń kọ́ létí òkun yẹn," ni ó wí, "mi ò sì ní fẹ́ràn rẹ̀ títí n ó fi kú. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ni wọ́n fi la ojú mi tí mo fi ń wò yín yìí. Mi ò lè máa lo ojú náà kí n sì lé ọmọ tó là á dànù. Kí Ọlọ́run forí jì wá, gbogbo wa."

Ó ní kí wọ́n pe Mọ̀nsúrát súnmọ́ òun. Ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé ti Akóredé, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí wálíì ń sọ, pé òun fi Mọ̀nsúrát fún un. Akóredé ní òun gbà á. Wọ́n ti ṣe àmín tán, Àlájì ò tíì fi ọwọ́ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kán an lójú.