Àga Ọ̀gá Ibùdókọ̀ Ojú Irin

"Jókòó sí i, jàre! Ta ló máa rí wa?" Ọmọ tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ti na fóònù sókè láti ya fọ́tò.

Ohùn rẹ̀ tó máa ń lọ sílẹ̀ ni àwọn ọmọ kíláàsì fi sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, torí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ìdánwò àṣejáde tán ni wọ́n ti ń bẹ àwọn òbí wọn kí àwọn jọ rìnrìn àjò ọlọ́jọ́ méjì. Agbára wọn ò ká òtẹ́ẹ̀lì gidi, ni wọ́n bá gba ibùsùn ní ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ kan tí wọ́n ti sọ di ilé àlejò. Yàrá tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì láyé ọjọ́un ni wọ́n fún wọn. Nínú gbọ̀ngàn ni àga ọ̀gá ibùdókọ̀ àkọ́kọ́ wà. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì fi okùn yí i ká kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó sí i.

Ẹlẹ́rìn-ín fo okùn, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ bí ọ̀gá. Àfi gbì! Ẹsẹ̀ àga kan ti yọ, òun náà ti fìdí janlẹ̀.

Jẹ́jẹ́ rọra ki ẹsẹ̀ àga náà bọ ojú ihò rẹ̀. Àga náà dúró. Wọ́n sá wọ yàrá wọn lọ, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti gbé báàgì kọ́ èjìká, wọ́n ń dúró de bọ́ọ̀sì tó máa gbé wọn lọ wo adágún omi kan, nígbà tí ìyá tó ń tún ilé ṣe fi aṣọ nu àga náà. Ló bá wó lulẹ̀. Ìyá yìí kan náà ló wá fi aṣọ ìbora kún tiwọn lánàá, tó ń pè wọ́n ní "ẹ̀yin ọmọ mi."

"Mo ti kìlọ̀ fún yín títí!" ni máníjà ilé àlejò náà pariwo mọ́ ìyá náà. "Ẹ lọ kó ẹrù yín, iṣẹ́ yín ti tán níbí!"

"Ọ̀gá, mo kàn nù ún ni o." Bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà ń bẹ̀ ẹ́.

Bọ́ọ̀sì fun fèrè níta. Ẹlẹ́rìn-ín fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lápá. "Jẹ́ ká máa lọ. Bàbá mi á pa mí!"

Ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́ ò gbéra. Ohùn rẹ̀ ròkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwa la bà á jẹ́. Èmi ni mo ní kó jókòó sí i."

Ẹlẹ́rìn-ín wò ó bí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí. Ló bá sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀. "Èmi ni mo jókòó, sà. Ẹ dárí jì wá."

Bọ́ọ̀sì lọ, adágún di àwátì. Máníjà pe bàbá àwọn méjèèjì, wọ́n sì jẹ ìbáwí àjẹyó lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ni máníjà bẹ ìyá yẹn lójú wọn, ó sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ káfíńtà ni wọ́n ti lo ọjọ́ náà tán: wọ́n di ẹsẹ̀ àga mú kí àtè gbẹ, wọ́n fi sáńpépà ha á títí ọwọ́ wọn fi bó. Ìyá náà gbé búrẹ́dì àti omi tútù wá bá wọn, ó sì gbá wọn mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Inú bí mi sí ẹ láàárọ̀ yẹn o."

"Mo mọ̀."

"Ká ní a lọ síbi omi yẹn, kò sí bí mo ṣe fẹ́ gbádùn ẹ̀. Ojú ìyá yẹn ni màá máa rí." Ó gbé orí lé èjìká ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ó yé àwọn méjèèjì pé àṣìṣe ò kọjá ohun téèyàn lè jẹ́wọ́, kó sì tún ṣe. Ṣùgbọ́n ká dákẹ́ kí ẹlòmíràn máa ru ẹ̀bi wa, ìkà nìyẹn. Ọ̀rẹ́ tó bá sì dúró tini nígbà tí òtítọ́ ṣòro láti sọ, ọ̀rẹ́ gidi ni.