Bàbá Tí Kò Fẹ́ Lálàá Mọ́

Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o ti rí ẹni tó ń sá fún àlá rí? Kọ́ládé ayàwòrán, ará Alápẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, sá fún un títí ó fi di ọ̀mùtí.

Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ o! Òun ló ń ya àwòrán sára ògiri ilé ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ káàkiri Kétu. Bó bá ya ẹja, ó máa ń ṣe ènìyàn bíi kó dín in. Ojú àlá ló ti ń rí ohun tó máa yà, bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, á gbá búrọ́ọ̀ṣì mú.

Àfi bí ibà ṣe gba Tiwa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ́wọ́ rẹ̀ lóru ọjọ́ kan.

O mọ àṣà wa: òbí kì í mọ ibojì ọmọ. Àwọn àgbà gbé òkú lọ, wọ́n ní bàbá ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní kó má sunkún, omi ló dànù, agbè ò fọ́.

Bí Kọ́ládé bá ti sùn báyìí, Tiwa á dé. "Daddy, ẹ ò wá mú mi ni?" Háà! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu paraga kó má baà lálàá. Àlá lọ lóòótọ́, àwòrán sì bá a lọ. Ọ̀dà gbẹ sínú agolo. Kò wẹ̀, kò jẹun, ó ń bú Ọlọ́run.

Joanna, ìyàwó rẹ̀, á ní, "Daddy Tiwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun."

"Ìwọ lo pa á!" lèsì tó máa ń fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sọ fún Adéníran, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ onígbàgbọ́, pé, "Ayé sú mi. Mo fẹ́ lọ bá ọmọ mi."

Adéníran ò bá a wí. Ó jókòó tì í nílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Kọ́ládé, mo wà lára àwọn tó gbé Tiwa lọ. Dìde, jẹ́ ká lọ síbẹ̀."

"Èèwọ̀ ni!"

"Jésù fúnra rẹ̀ sunkún níbi ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò ní lé ọ."

Wọ́n mú Joanna dání. Nígbà tí Kọ́ládé rí ebè kékeré orí ibojì náà, ó ṣubú lulẹ̀, ó ké títí ohùn fi há.

"Joanna, irọ́ ni mo pa mọ́ ọ. O ní ká gbé e lọ sí ọsibítù lóru yẹn. Èmi ni mo ní ká dúró dìgbà tílẹ̀ bá mọ́. Jésù, ṣàánú mi! Èmi ni!"

Joanna kúnlẹ̀ tì í. "Mo mọ̀, Daddy Tiwa. Ọjọ́ tí ẹ máa sọ ọ́ ni mo ti ń retí."

Ibẹ̀ ni Kọ́ládé ti fi ayé rẹ̀ fún Kristi. Adéníran tún mú un lọ rí dókítà, nítorí ìbànújẹ́ tó wọra bẹ́ẹ̀, àìsàn ni. Ó ti pa ọtí tì. Tiwa ṣì ń wá lójú àlá, Kọ́ládé á jí, á sunkún, á gbàdúrà, á sì ya ojú ọmọ náà bó ṣe rí i. Kò tíì lè gbé ọ̀kankan kọ́ sára ògiri.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ wo lo ń fi ọtí bò mọ́lẹ̀? Ta lo di ẹ̀bi tìrẹ rù? Má sọ pé ó dọ̀la. Ẹni tó ti kú ò lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa mọ́, ọ̀rẹ́ mi. Jésù wà láàyè, ó ń gbọ́. Pè é lónìí.