Ìgò Tí Ewell Fi Pamọ́

Bàtà kan lọ́wọ́, ìkejì lẹ́sẹ̀, lórí àgbá òfìfo: bẹ́ẹ̀ ni Dorsey ṣe kọ́kọ́ rí Verlene. Obìnrin náà jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ọtí baba rẹ̀ tí wọ́n ti tì pa, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀. Wákàtí mẹ́wàá ló ti fi dúró ní ilé ìpọntí lọ́jọ́ náà, tó ń lẹ ìwé mọ́ ìgò. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ Kentucky tàn sórí irun rẹ̀, ewú sì ti ń yọ níbẹ̀.

Dorsey náà kò sàn jù ú lọ. Láti Ohio ló ti ń wakọ̀ bọ̀, ó ń ya ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ kiri, bóyá á rí wisikí tí eruku ti bò, tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: ó ń tà á lówó gọbọi fún àwọn tó ń kó ọtí àtijọ́ jọ.

"Ọtí lò ń wá ni, àbí ibi ìjókòó?" Verlene bi í.

"Èwo ló wà ńlẹ̀?"

"Ìjókòó. Ọtí ti tán níbí látìgbà tí mo wà nílé ìwé."

Dorsey jókòó tì í. Òun náà bọ́ bàtà rẹ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni Dorsey ń wá jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo nílé Verlene àti baba rẹ̀.

"Ojú ẹ ti wọnú bíi ti ẹni àádọ́rin ọdún," Verlene á ní.

"Tìẹ náà ńkọ́, ààyò mi? Ká jọ máa darúgbó lọ ni."

Wisikí ìgò kan ló kù nílé náà. Baba ńlá Verlene ló pọn ọ́n lọ́dún 1917, kí ìjọba tó fòfin de ọtí. Ọdún mẹ́tàlá ló lò nínú àgbá, kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò bí oògùn nítorí òfin náà, tí èèyàn kò lè rà láìsí ìwé dókítà. Nínú ìdílé wọn, ìgò kan ni fún ìgbéyàwó kan: baba ìyàwó ló ń dà á sí ife ọkọ. Èyí tó kù yìí, ti Verlene ni.

Àmọ́ nígbà tí Dorsey ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, Ewell, baba Verlene, kọ̀. "Ìgò mi ló ń wò, kì í ṣe ìwọ," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lé Coy tó ń kan àgbá ọtí, tí òun náà fẹ́ fẹ́ Verlene, lọ rí, lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn.

"Mi ò lè bá ẹ lọ láìjẹ́ pé Dádì da ọtí yẹn fún ẹ," Verlene sọ fún Dorsey. "Èmi nìkan ni wọ́n ní."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, lẹ́yìn ìsìn, Verlene gbé ìgò náà kalẹ̀ síwájú Dorsey àti Ewell.

"Ó ti rẹ̀ mí. Dorsey, wò ó. Tó bá jẹ́ òun lo wá gbé, gbé e, kó o máa lọ."

Dorsey gbé e sókè sí ojú fèrèsé. Wisikí náà kún dé ọrùn. Ọtí tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún nínú ìgò kì í kún bẹ́ẹ̀. Á ti máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ìwé ìjọba tí wọ́n lẹ̀ gba orí ìdérí ti ya, wọ́n sì ti fi gọ́ọ̀mù tuntun tún un lẹ̀. Ó wo Ewell. Bàbá náà yí ojú kúrò.

Dorsey rọra gbé ìgò náà kalẹ̀. "Ìgò tó dáa ni. Ìwọ ni mo wá fún, Verlene."

"O rí i," Ewell wí.

"Mi ò rí nǹkan kan, sà."

"Má purọ́ fún àgbàlagbà." Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ọjọ́ tí a sin màmá ẹ ni mo mu ún. Gbogbo rẹ̀. Wisikí lásán ni mo rọ padà sí i. Mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá mọ ọtí, tó bá tọ́ ọ wò, àṣírí mi tú."

"Coy náà ńkọ́?"

"Coy mọ ọtí."

Verlene jókòó. Ẹkún kò wá. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ẹkún. "Dádì, ẹ̀ bá ti sọ fún mi. Ǹ bá bínú fún ọ̀sẹ̀ kan, kó sì tán."

"Ojú ló ń tì mí, ọmọ mi."

Verlene yíjú sí Dorsey. "Ìwọ náà, kí ló dé tó o dákẹ́?"

"Ẹnu wọn ló yẹ kó o ti gbọ́ ọ."

Verlene dìde. Ó gbé ife kan wá. "Ẹ dà á fún un, Dádì."

"Wisikí lásán ni, mo ní."

"Mo gbọ́. Ẹ dà á."

"Òní kọ́ ni ìgbéyàwó."

"Ọ̀la ni. Kóòtù ń ṣí ní aago mẹ́jọ."

"Aago méje ni màá ti wà lẹ́nu ọ̀nà," Dorsey wí.

Ewell fi ọwọ́ méjèèjì di ìgò náà mú. Dorsey na ife sí i, ó sì dúró jẹ́jẹ́ títí bàbá náà fi dà á tán.