Ewì Tí Mùíbátù Fi Bú Ará Ìfọ́n

"Kò gbóná!" Ọ̀gbẹ́ni Ọlábánjí ju ìwé Mùíbátù padà sórí tábìlì. "Ta ló fẹ́ gbọ́ ewì nípa òjò? Ẹ kọ ohun tí àwọn èèyàn máa pàtẹ́wọ́ sí. Ẹ kọ nípa ará Ìfọ́n!"

Ọdún 1984 ni. Gbogbo Sátidé ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ìlobù ní ewì kíkọ nínú gbọ̀ngàn ìlú. Kò sì sí ọmọ tí kò gbọ́ nípa ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n.

Rachael, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, bú sẹ́rìn-ín. "Mùíbátù ò lè kọ ọ́, sà. Ìfọ́n ni wọ́n ti gbé ìyá ẹ̀ níyàwó."

Gbogbo wọn yíjú sí i. Mùíbátù mọ̀ pé ìyá òun kò gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ó mú bíírò, ó kọ ọ́, ó sì kà á sókè:

"Ará Ìfọ́n tí ń fi ilẹ̀ onílẹ̀ ṣe òkèlè,
Ẹ gbé ààlà mì tán, ẹ tún ń bèèrè ọbẹ̀!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Tíṣà pè é ní akéwì gidi.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn ọmọ àdúgbò ti ń fi ewì náà kọrin. Bí Màríámọ̀, ìyá Mùíbátù, ṣe ń gbé gàrí lọ sọ́jà, wọ́n tẹ̀ lé e. Ọ̀kan bu iyanrìn sínú igbá rẹ̀. "Ilẹ̀ rèé, ẹ jẹ ẹ́!"

Ó padà sílé, ó da gàrí náà nù. "Ìlú yìí ni mo bí gbogbo yín sí. Ta ló kọ́ wọn ní ìsọkúsọ yẹn?"

Mùíbátù kúnlẹ̀. "Èmi ni, Màámi. Tíṣà ló ní—"

"Ṣé tíṣà ló di ọwọ́ ẹ mú?"

Ní Sátidé, Mùíbátù bẹ tíṣà pé kó kìlọ̀ fún àwọn ọmọ náà. Ó rẹ́rìn-ín. "Ewì lásán ni. Ṣé ìyá ẹ ò mọ eré ni?"

"Gàrí tó dànù kì í ṣe lásán, sà! Mo jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ rán wa níṣẹ́ ẹ̀."

Tíṣà lé e jáde. Ní ìta, Mùíbátù pariwo mọ́ àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n dákẹ́. Òun ni wọ́n wá kọjú orin sí.

Láti ìgbà náà, ẹ̀yìnkùlé ni Màríámọ̀ ń gbà lọ sọ́jà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ ewì, ọ̀rọ̀ tó bá dùn létí tó sì pa irọ́ mọ́ ẹnìkan, ẹ má kọ ọ́. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ máa lọ sílé wọn. Ẹni tí ẹ bú kò níbi tó máa sá sí.